Ta ni Wọ́n Dá Dúró? Ìtàn Àwọn Òmùwẹ̀ Tí Kò Ní Àsíá

Ní Titirou wa yìí, nínú ìlú Parakou, omi kì í ṣe ohun ìṣeré. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ganvié, lórí omi Nokoué, á ti mọ ọkọ̀ wà kí ó tó mọ ìwé kà. Ọmọ Parakou ní tirẹ̀, inú garawa ni ó ti mọ omi, àti lẹ́nu ẹ̀rọ, àti nínú odò Okpara tí wọ́n sé kí ìlú lè rí omi mu. Ìdí nìyí tí ó fi yà wá lẹ́nu nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí bi wá léèrè ọ̀rọ̀ àwọn òmùwẹ̀. Wọ́n ti rí ìwé èsì ìdíje àgbáyé kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òmùwẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wà: Faransé, Íjíbítì, Japáànù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò sí orílẹ̀-èdè kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ohun tí a kọ síbẹ̀ kò ju pé àjọ wọn wà nínú ìdádúró. Ìbéèrè ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò gùn rárá: "Ta ni wọ́n dá dúró gan-an? Ṣé àjọ ni, àbí ẹni tó ń wẹ̀?"

Lọ́jọ́ náà, a dáhùn pé àjọ ni. Nígbà tí a délé tí a ro ọ̀rọ̀ náà síwá-sẹ́yìn, a rí i pé ìdáhùn wa kò kún tó. A padà sínú ìtàn, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ju 50 ọdún lọ, pé ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ó ti le jù, àti pé ohun tó tọ́ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1973 kì í ṣe ohun tó tọ́ ní Kùwéètì ní 2016. Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi han àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí òmùwẹ̀ ṣe ń dé ibi ìdíje. Ọdún 1908 ni wọ́n dá àjọ àgbáyé fún ìlúwẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. FINA ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, títí di oṣù Kejìlá ọdún 2022 tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di World Aquatics. Àjọ àgbáyé yìí kì í bá òmùwẹ̀ kankan ṣe ní tààrà. Àjọ orílẹ̀-èdè ni ó mọ̀, ẹyọ kan péré fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àjọ orílẹ̀-èdè ni ó ń fún òmùwẹ̀ ní ìwé àṣẹ, òun ni ó ń fi orúkọ àti ìwọ̀n àkókò ránṣẹ́, òun ni ó ń buwọ́ lùwé. Fún orílẹ̀-èdè bí i tiwa, ọ̀nà náà tilẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìdíje Òlíḿpíìkì fún àwọn orílẹ̀-èdè tí òmùwẹ̀ wọn kò tíì yára tó ti àwọn ìlú ńlá, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Laraïba Seibou wẹ̀ fún Benin ní Rio ní 2016. Marc Dansou àti Nafissath Radji wẹ̀ fún un ní Tokyo ní 2021. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọ kan tó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ béèrè rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá dá àjọ orílẹ̀-èdè dúró, gbogbo ọ̀nà yìí dí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn, ìjọba ni ó ti ọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ àjọ, tí ó fẹ́ máa yan ẹni tó wù ú sípò. Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀gá àjọ ni wọn kò gbà fún ara wọn lẹ́yìn ìdìbò, tí ìhà méjì sì ń pe ara wọn ní àjọ kan ṣoṣo. Ìjà erin méjì ni, àwọn àgbà sì ti sọ ẹni tí í fara gbá a níbẹ̀. Òmùwẹ̀ kì í sábà ní ohùn nínú ìpàdé wọ̀nyẹn; púpọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ tíì pé ọmọ ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà òmùwẹ̀ kì í pẹ́. Ọdún mẹ́rin ni láti Òlíḿpíìkì kan dé òmíràn, ẹni tí ọ̀kan bá sì fò dá lè má rí èkejì mọ́.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí kò jọ ìjà ipò rárá, òun ni a ó sì fi ṣáájú. Ní Gúúsù Áfíríkà, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ́n ṣe òfin kan ní 1953 tó fún àwọn aláṣẹ lágbára láti pín gbogbo ibi tí ará ìlú ń lò sí ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú, láti orí àga inú ọgbà títí dé etí òkun àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Òfin náà sọ ọ́ ní kedere pé kò pọn dandan kí ti ẹ̀yà kan dára tó ti èkejì. A kò rò pé eré ìdárayá kan wà tí òfin yìí fún lọ́rùn tó ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ sáré lè sáré lójú títì. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lè fi àkísà di bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó wọ omi, níbo ni yóò ti kọ́ ìwẹ̀?

Àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí FINA mọ̀ nígbà náà, ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni. Àwọn tí wọ́n tì síta dá àjọ tiwọn sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, àjọ tí kì í wo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Morgan Naidoo ni ó ṣe olórí rẹ̀. Àjọ yìí kò ní adágún tó dára, kò ní owó, ṣùgbọ́n ó ní gègé ìkọ̀wé. Wọ́n kọ̀wé sí FINA, wọ́n tún kọ ọ́, pé àjọ tí ẹ gbà wọlé kò ṣojú fún orílẹ̀-èdè wa. Ní 1973, FINA lé Gúúsù Áfíríkà kúrò nínú ẹgbẹ́. Ìjọba ilẹ̀ náà fi òfin de Naidoo, irú òfin tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dá sí ìpàdé tàbí kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà síbẹ̀: àwọn tó béèrè pé kí wọ́n lé orílẹ̀-èdè wọn jáde, ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n, òmùwẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n béèrè.

Ilẹ̀ Áfíríkà yòókù kò dákẹ́. Ní 1966, àwọn orílẹ̀-èdè wa pé jọ ní Bamako, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wá wà ní Yaoundé. Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, ni ààrẹ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jean-Claude Ganga, ọmọ Kóńgò-Brazzaville, ni akọ̀wé àgbà. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé, tí a ń pè ní CIO, tún pe Gúúsù Áfíríkà wá sí ìdíje Mẹ́síkò ní 1968, àwọn ọmọ Áfíríkà ní bí ẹni yìí bá wọlé, àwa ó jáde. Wọ́n fagi lé ìpè náà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, CIO lé Gúúsù Áfíríkà jáde pátápátá.

Ní báyìí, ẹ wo àwọn ọmọ tó wà nínú omi.

Karen Muir jẹ́ ọmọ ìlú Kimberley. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1965, ní Blackpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kópa nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ó fẹ̀yìn lé omi, ó wẹ 110 yáàdì ní ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 8.7. Kò sí obìnrin kan láyé tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 12 ni. Àwọn àkọsílẹ̀ àgbáyé tí ó tún fi lélẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ju mẹ́wàá lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1968, nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ní Mẹ́síkò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 16 ni, kò sì sí níbẹ̀. Kò dé Òlíḿpíìkì kankan rí títí ó fi fi ìwẹ̀ sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó di dókítà, ó sì kú ní 2013.

Ti Jonty Skinner tilẹ̀ tún yàtọ̀. Ìlú Cape Town ni wọ́n ti bí i, ó sì lọ kàwé ní Yunifásítì Alabama ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje 1976, ní Òlíḿpíìkì Montreal, Jim Montgomery ọmọ Amẹ́ríkà wẹ 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.99. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó wẹ ọ̀nà náà ní àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 50, ariwo sì ta. Skinner kò sí lára àwọn tó bá a du ipò, nítorí pé kò ní àjọ tí yóò fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣe ìdíje àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn ní Philadelphia, níbi tí ó ti lè wẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ òmùwẹ̀ kan ti ibẹ̀. Ó wẹ 100 mítà ní 49.44. Àkọsílẹ̀ àgbáyé yìí dúró títí di 1981. Aago kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀.

A mọ̀ pé ìtàn méjèèjì yìí máa ń mú ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mú ọkàn tiwa náà. Ọmọ ọdún 12 kò ṣe òfin 1953, Skinner pàápàá kò ṣe é. Àwọn kan sì ti ń wí pé ó yẹ kí wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ wọn kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àsíá kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ká àsíá Gúúsù Áfíríkà kúrò lórí ọ̀pá, adágún tí Karen Muir ti kọ́ ìwẹ̀ yóò ṣì wà ní títì mọ́ ọmọ dúdú tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye àkọsílẹ̀ àgbáyé tó sọnù ní Gúúsù Áfíríkà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kí ó má ka ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan omi, ta ni yóò sọ bí wọn ì bá ti yára tó?

Ọdún 1976 yìí náà sì tún fi ohun mìíràn hàn. Ẹgbẹ́ rọ́gíbì New Zealand lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún tí wọ́n pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní kí CIO lé New Zealand kúrò ní Montreal, CIO kọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ ni ó yọ ara wọn kúrò nínú ìdíje náà. John Akii-Bua ọmọ Ùgáńdà, tó gba wúrà ní Munich ní 1972, kò sáré. Filbert Bayi ọmọ Tansaníà, tó di àkọsílẹ̀ àgbáyé mú, kò sáré. Kò sí ẹni tó dá wọn dúró. Àwọn ìjọba wọn ni ó pè wọ́n padà, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ju eré lọ. Nígbà tí a bá ń ṣàánú Skinner, ó yẹ kí a rántí àwọn wọ̀nyí náà, nítorí pé àwọn ni ó san owó tí kì í ṣe gbèsè wọn.

Ìparí ìtàn Gúúsù Áfíríkà dùn ún sọ. Sam Ramsamy, olùkọ́ eré ìdárayá láti Durban, ẹni tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwẹ̀ kí ó tó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe olórí àwọn tó ń ja ìjà yìí láti òkè òkun. Òun kan náà ni ó kó àwọn eléré Gúúsù Áfíríkà padà lọ sí Òlíḿpíìkì, ní Barcelona ní 1992. Nígbà náà, Mandela ti jáde, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dìbò. Àsíá àtijọ́ kò ṣe é gbé, tuntun kò sì tíì sí. Àsíá funfun kan tí wọ́n yàwòrán sí fún ìdíje náà ni wọ́n gbé wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin òmùwẹ̀ kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Penny Heyns. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Atlanta, ó gba wúrà méjì nínú ìwẹ̀ tí a ń wẹ̀ bí ọ̀pọ̀lọ́, 100 mítà àti 200 mítà, lábẹ́ àsíá aláwọ̀ mẹ́fà tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Ramsamy di igbákejì ààrẹ FINA, àjọ kan náà tí wọ́n ń kọ̀wé sí.

Kùwéètì ni a ó lọ báyìí. Ibẹ̀ jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti rí òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí kedere jù.

Ìjà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àwọ̀. Ìjà àwọn alágbára ni, lórí ẹni tí yóò máa darí eré ìdárayá. Ìjọba ṣe òfin tó fún un lágbára lórí àwọn àjọ. CIO ní èyí kò bá ìlànà mu. Ní 2010, wọ́n dá ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Kùwéètì dúró. Nínú ìdíje Éṣíà ní Guangzhou ní ọdún náà, àsíá CIO ni àwọn eléré wọn gbé. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní 2012, ó ku díẹ̀ kí ìdíje Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Faye Sultan ti wọ omi, òmùwẹ̀ obìnrin àkọ́kọ́ tí Kùwéètì rán lọ sí Òlíḿpíìkì. Àfi bí ẹni pé ìjà náà ti parí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2015, CIO tún dá wọn dúró. Ìjọba Kùwéètì gbé CIO lọ sílé ẹjọ́, ó ní kí wọ́n san bílíọ̀nù kan dọ́là fún òun. Kò sí ìgbà kankan nínú gbogbo èyí tí ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí òmùwẹ̀ rò.

CIO rántí àwọn eléré, ó sì ṣe ohun kan fún wọn. Ó gba ọmọ Kùwéètì mẹ́sàn-án wọlé sí Rio ní 2016 gẹ́gẹ́ bí eléré tí kò ní orílẹ̀-èdè: ayìnbọn mẹ́fà, ajàdà kan, òmùwẹ̀ méjì. Àwọn òmùwẹ̀ náà ni Abbas Qali, tó wẹ ìwẹ̀ labalábá 100 mítà, àti Faye Sultan, tó tún padà wá. Àwọn ayìnbọn ni ayé gbọ́ orúkọ wọn jù. Wọ́n bẹ Fehaid Al-Deehani pé kí ó gbé àsíá Òlíḿpíìkì níwájú lọ́jọ́ ìṣíde. Ó kọ̀, ó ní ológun ni òun, àsíá Kùwéètì nìkan ni òun lè gbé. Nígbà tí ó wá gba wúrà, orin Òlíḿpíìkì ni wọ́n kọ fún un. Kò sí eléré kan tí kò ní àsíá tó gba wúrà rí ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kejì rẹ̀, Abdullah Al-Rashidi, kò lè wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, nítorí náà ó wọ aṣọ Arsenal, ó sì fi gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. (Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì, ìdajì àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, ìdajì yòókù pariwo. A kò nílò kí a sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń tì lẹ́yìn.)

Ibí yìí ni ohun tí a ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn ti wúlò. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ nínú ilé ni ó bẹ ayé pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní Kùwéètì, kò sí òmùwẹ̀ kan tó bẹ ẹnikẹ́ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó wà nínú adágún ń jẹ àǹfààní ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé àjọ jáde, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ní Kùwéètì, Faye Sultan kò rí àǹfààní kankan nínú òfin tí ìjọba ṣe. Òfin náà ni ó gba orúkọ ìlú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí àwa bá ní láti ṣe ìdájọ́, ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn: ta ni ó bẹ̀bẹ̀ fún ìdádúró náà, ta ni ó sì ń jẹ èrè ẹ̀ṣẹ̀ náà? Bí ìdáhùn bá yọ òmùwẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí wọ́n jẹ́ kí ó wẹ̀. Kùwéètì ní tirẹ̀ dúró síta títí di oṣù Kẹjọ 2018, ọjọ́ méjì ṣáájú ìdíje Éṣíà ní Jakarta.

Ìwé èsì tí àwọn ọmọ wa rí, ti àwọn ọmọ Kẹ́ńyà ni. Ìjà ìdìbò tí kò tán nínú àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ Kẹ́ńyà ni ó mú kí àjọ àgbáyé dá a dúró lẹ́yìn Òlíḿpíìkì Tokyo. Wọn kò lé àwọn òmùwẹ̀. Wọ́n wẹ̀ nínú ìdíje àgbáyé, ṣùgbọ́n orúkọ Kẹ́ńyà kò sí níbẹ̀, àsíá rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí ó di Paris ní 2024, Maria Brunlehner àti Ridhwan Mohamed wẹ̀ ní orúkọ Kẹ́ńyà. A kò ní púpọ̀ láti sọ nípa ìjà náà fúnra rẹ̀. Ó jọ gbogbo ìjà irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àánú tí wọ́n ṣe fún òmùwẹ̀, wọn kì í lè ṣe é fún gbogbo eléré. Òmùwẹ̀ nìkan ni ó wà nínú ọ̀nà rẹ̀ lórí omi. A lè yọ ọ́ kúrò lára àjọ rẹ̀ bí a ṣe ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀: orúkọ orílẹ̀-èdè ni ó so àwọn mọ́kànlá pọ̀, bí ó bá já, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Ní oṣù Keje 2014, ilé ẹjọ́ kan ní Jos fi ẹlòmíràn ṣe olórí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà; FIFA dá àjọ náà dúró, ó sì kìlọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò tó 20 lè pàdánù ìdíje àgbáyé tó ń bọ̀ ní Kánádà. Ọjọ́ 18 oṣù náà ni wọ́n tú wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà lọ, wọ́n dé àṣekágbá ní Montreal, Jámánì ni ó fi góòlù kan ṣẹ́gun wọn nínú àfikún àkókò. Asisat Oṣòálà, ọmọ Ìkòròdú, gba góòlù méje wọlé, wọ́n sì yàn án ní ẹni tó dára jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà. Ẹ ronú bí ìjà àwọn àgbàlagbà ní Jos bá ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré pẹ́ sí i.

Ilé wa náà kò yọ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2016, àṣẹ ilé ẹjọ́ dí ìdìbò àjọ bọ́ọ̀lù Benin lọ́wọ́, FIFA sì dá wa dúró. Àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ wa, bí a ṣe ń pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè nígbà náà, ní ìdíje pẹ̀lú Equatorial Guinea níwájú, fún ìwọlé sí ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní Parakou níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ń sọ ní ilé oúnjẹ àti ní ibùdókọ̀, ó sì hàn pé púpọ̀ kò tíì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìwé ìpẹ̀jọ́ lè gba aṣọ ẹgbẹ́ lọ́rùn àwọn ọmọ. Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, ní oṣù Kẹfà, ni wọ́n tó tú wa sílẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà, Benin sì borí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ gbogbo èyí tán, wọ́n tún bi wá léèrè kan: bí ó bá jẹ́ àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ tiwa ni ọ̀rọ̀ náà kàn lọ́dún 2016 ńkọ́? A kò fi ọ̀rọ̀ dá wọn lóhùn. A fi ìwé èsì ìdíje Rio hàn wọ́n, ti oṣù Kẹjọ ọdún náà, 50 mítà àwọn obìnrin, níbi tí òmùwẹ̀ kì í ti í lò ju ìdajì ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé e lọ nínú omi. Laraïba Seibou wà nínú rẹ̀. Faye Sultan náà wà nínú rẹ̀. Ìdíje kan náà, adágún kan náà. Orúkọ Benin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹnì kejì, kò sí orúkọ orílẹ̀-èdè kankan.